Lẹ́tà sí Àjàní: Iṣẹ́ tí Káyọ̀dé Lọ Kọ́

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi pamọ́ di ìgbà tí mo bá wálé.

Káyọ̀dé ti parí ẹ̀kọ́ ní Fort Sill, bárékè àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Oklahoma. Àárín àwọn tí ń yìnbọn já bàálù lulẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Kì í ṣe àwọn tí ń dúró sójú kan ṣọ́ ìlú o. Àwọn tí ń bá ọkọ̀ ogun rìn ni. Ibi tí táǹkì bá já sí, ibẹ̀ làwọn náà ń já sí. Táǹkì tí kò ní ẹni tí ń bá a ṣọ́ òkè, ẹran ìjẹ ni fún bàálù.

O rántí àríyànjiyàn wa lórí ogun Sinai? Ní October 14, 1973, táǹkì Íjíbítì kọjá ibi tí mísáìlì wọn lè dáàbò bò wọ́n dé. Bàálù àti táǹkì Israel dojú kọ wọ́n, táǹkì tó lé ní 200 ló ṣòfò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí irú ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ wa. Iṣẹ́ iyì ni, orí mi wú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣọ́ àwọn yòókù ni ọ̀tá kọ́kọ́ ń wá, rédà tó fi ń wò òkè náà ló sì ń tú u fó.

Ó fi fọ́tò ọkọ̀ wọn ránṣẹ́: Stryker onítáyà mẹ́jọ, ìbọn 30 mm lókè, mísáìlì Stinger mẹ́rin nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní 2024 ni wọ́n fi Sájẹ́ǹtì Mitchell Stout sọ ọkọ̀ náà lórúkọ. Ní Vietnam, 1970, wọ́n ju bọ́ǹbù ọwọ́ sáàárín òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀; ó gbé e mọ́ra, ó ń sáré bá ẹnu ọ̀nà lọ, ló bá bú mọ́ ọn lára. Ìyá Káyọ̀dé ka ìyẹn, kò sùn mọ́jú.

Bùsọ́lá ti bí obìnrin, tìyá tọmọ wà dáadáa. Orúnkún mi ti sàn díẹ̀.

Àjàní, ìwọ lo wọ yúnífọ́ọ̀mù nínú gbogbo wa. Jọ̀ọ́, pè é kí wọ́n tó gbé e lọ Jámánì. Má ní kó padà o. Bi í bó ṣe ń sùn, bi í ta ló fọkàn tán níbẹ̀. Tí mo bá bi í, "Dádì, kò séwu" ló máa ń sọ. Má jẹ́ kí Ìyá Òṣogbo gbọ́ rárá, kọ̀ǹpútà la ní ó ń tún ṣe. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń ráyè, ìyẹn mọ́kànlá alẹ́ lọ́dọ̀ yín. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Èmi ni,
Àlàó