Orúkọ Wa Nínú Rẹ́jísítà: Lẹ́tà Gbangba sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Àwọn Alága Ìbílẹ̀ ní Òṣogbo

Ẹ̀yin olórí wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ọmọ Òṣogbo tí a ń gbé ní Jámánì la kọ ìwé yìí. A ò wá tọrọ owó. Ọ̀rọ̀ ìwé ìbí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹni tó bá fẹ́ gba físà wá bá ọkọ rẹ̀ níbí, ìwé ìbí wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aṣojú ìjọba Jámánì ní Nàìjíríà kì í kàn lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa mọ́. Lọ́yà ni wọ́n ń rán lọ sí ọ́fíìsì tó kọ ìwé náà, kó lọ fojú ara rẹ̀ rí orúkọ nínú rẹ́jísítà, ìyẹn ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí. Oníwèé ló sì ń sanwó ìwádìí ọ̀hún.

Lọ́yà dé ọ́fíìsì kan nílé nítorí ìyàwó ọ̀kan lára wa. Wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ ìsìnkú. Nígbà tó tún padà lọ síbẹ̀, wọ́n gbé rẹ́jísítà jáde, ikán ti jẹ ojú ewé ọdún 1988 dé àárín: orúkọ bàbá ṣì hàn, ti ọmọ ti di eruku. Lọ́yà kọ ọ́ pé òun ò rí i. Wọn ò fún ìyàwó ní físà. Ọmọ wọn ti ń rìn báyìí; inú fóònù ló ti mọ bàbá rẹ̀.

Kì í ṣe ikán nìkan. Ẹni tí wọ́n bí ní Òṣogbo kí 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 tó dé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà lórí ìwé rẹ̀, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́. Akọ̀wé ìgbà náà kọ Oshogbo dípò Òṣogbo. Ìwé ìbí ní Rasidat, pásípọ́ọ̀tù ní Rasheedat. Èyí ò lè rú Yorùbá kankan lójú, àmọ́ ibo ni òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì tó jókòó ní Frankfurt ti fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan náà ni? Ó ń dùn wá wọra, kéèyàn máa ro ẹjọ́ orúkọ ìlú bàbá rẹ̀ bí ọ̀daràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo rẹ́jísítà àtijọ́ tó kù ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá kí òjò tó tún dé. Kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, àwa la máa rà á. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa dá àwọn lọ́yà yìí lóhùn, kí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì tó méjì. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ lẹ́tà kan tó ní òǹtẹ̀, pé Oshogbo àti Òṣogbo, ìlú kan náà ni, àti ọjọ́ tí Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. A máa so ó mọ́ ìwé wa.

Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ nínú oṣù kẹjọ, díẹ̀ lára wa á wálé. A fẹ́ bá yín jókòó nígbà náà, kí ẹ sì mú wa wọ yàrá ìwé yẹn.

Àwa ni tiyín,
Àwa ọmọ Òṣogbo ní Jámánì