Ìkéde: Ìrìn-àjò karatẹ́ àti gígun ìgbì ní Tarkwa Bay

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa l'Adó-Èkìtì, ẹ kú ìmúra. Ọkọ̀ ojú omi la ó wọ̀ dé etíkun náà láti Èkó, ẹ má di ẹrù jù.

Àárọ̀ la ó máa gun ìgbì, ìrọ̀lẹ́ la ó máa ṣe karatẹ́ lórí iyanrìn. Ẹ má ta ẹsẹ̀ kọjá ìbàdí. Bí ẹ bá fẹ́ yí, ẹ gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀ ná. Iyanrìn máa ń di ẹsẹ̀ mú, orúnkún ló sì ń jìyà rẹ̀.

Nínú omi, ẹ so okùn pátákó tí a fi ń gun ìgbì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń ṣubú, ẹ ṣubú gbalaja, ẹ má fi orí ṣáájú, torí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi lè wà nítòsí. Ẹ fi apá bo orí títí pátákó yóò fi kọjá. Bí omi bá ń fà yín lọ sójú òkun, ẹ má bá a jà: ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun títí yóò fi tú yín sílẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí etíkun.

Ẹni tí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ 50 mítà láìsinmi kò ní kọjá ibi tí omi mu ún dé ìbàdí. Sátidé yìí, a ó lọ gun òkè ní Ìkógòsì fún agbára ẹsẹ̀. Omi gbígbóná ibẹ̀ dùn lẹ́yìn iṣẹ́, àmọ́ kò ní ìgbì o!