Ẹ̀sùn lórí abọ́ ajẹrà tí ẹ tà fún mi

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ìtajà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ òde ni mo ń sè ní Èkó. Láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024 ni mo ti ń wá ohun tí mo lè máa bu oúnjẹ sí. Aṣojú yín ló wá bá mi, ó ní fọ́nrán ìrèké ni abọ́ yín, pé PLA, ike tí wọ́n ń fi sítáàṣì àgbàdo ṣe, ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe ìdérí rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ti fóòmù lọ dáadáa. Mo san án.

Níbi ìgbéyàwó kan la ti bu ọbẹ̀ ẹja sí i. Kí àwọn agbáwo tó dé ìdí tábìlì, ìsàlẹ̀ abọ́ ti rọ̀, ìdérí ti ká jọ, ata ti ń kán sórí léèsì àwọn èèyàn. Ìyá ìyàwó fúnra wọn wà lára wọn. Ẹ ò mọ ojú tí wọ́n fi wò mí.

PLA kì í fara da ooru. Kí ooru tó pé ìwọ̀n 60 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (60°C) ló ti ń rọ̀, bí omi bá sì ráyè wọlé, fọ́nrán ìrèké á mu ún, á wú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ó dára fún oúnjẹ gbígbóná. Ká sọ tòótọ́, fún dòdò àti ṣaláàdì, kò sí àléébù kankan.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ ní ká sáà rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, yóò jẹrà. Mo rì í. Nígbà tí mo tú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, abọ́ ti ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àmọ́ mo fi omi ṣan ìdérí, ó tún ń dán. Ibi tí wọ́n ti ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀, tí ooru rẹ̀ ń tó nǹkan bí ìwọ̀n 58, ni PLA ti ń jẹrà láàárín oṣù díẹ̀. Nínú ilẹ̀ lásán, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èwo ni ti ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀? Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ń jẹrà láìkọ ọ́ sára.

Ẹ wá kó àwọn páálí tí mi ò tíì tú, kí ẹ sì dá owó wọn padà. Ẹ pa ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn rẹ́, ti oúnjẹ gbígbóná àti ti ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí EN 13432, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù lórí ohun ìdìpọ̀ tó ń jẹrà, dá mi lóhùn, ẹ rántí pé jíjẹrà ní iléeṣẹ́ ajílẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé. Mo ń retí èsì yín kí n tó gba òde mìíràn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín