Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ó fẹ́ máa ṣe lámèyítọ́ àwo orin tuntun

Mosún mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí o kọ nípa àwo orin tí ó jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Aago méjìlá òru ni wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, aago kan kò sì tíì lù tí o fi fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Inú mi dùn pé iṣẹ́ lámèyítọ́ wù ọ́, torí o mọ orin, o sì gbọ́ Yorùbá dé ìdí. Ìdí náà gan-an nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ìkánjú bà á jẹ́ fún ọ.

Ta ni o ń bá sáré? Láti ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2015 ni àwọn ilé iṣẹ́ orin káàkiri àgbáyé ti ń tẹ̀lé àdéhùn pé ọjọ́ Ẹtì ni àwo tuntun yóò máa jáde. Kó tó dìgbà náà, ọjọ́ Ajé ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Amẹ́ríkà. Ní báyìí tí gbogbo ayé ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà, ó ti wá dà bíi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló mọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn oníròyìn orin ńláńlá sábà máa ń gba àwo ṣáájú ọjọ́ tí yóò jáde. Wọ́n ti gbọ́ ọ gbọ́ ọ kí ìwọ tó tẹ orin àkọ́kọ́. O ò lè yára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n o lè gbọ́ ohun tí àwọn kò gbọ́.

Wo Made in Lagos tí Wizkid gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Orin 14 ló wà nínú rẹ̀. Lóru ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní ó tutù jù. Essence, tí òun àti Tems jọ kọ, jókòó jẹ́ẹ́ láàárín àwọn yòókù. Oṣù Keje ọdún 2021 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Billboard Hot 100, àtòjọ ọgọ́rùn-ún orin tó ń mókè jù ní Amẹ́ríkà, ó sì gòkè títí dé ipò 9 kí ọdún náà tó parí. Ohun tí wọ́n pè ní títutù lóru ọjọ́ kìíní yẹn náà ló jẹ́ kí àwo ọ̀hún pẹ́ létí: ìlù rẹ̀ kò sáré, gìtá àti sasofóònù ń rìn lábẹ́ ohùn, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ń pariwo kí a lè gbọ́ tirẹ̀. Irú àwo bẹ́ẹ̀ kì í fi ara hàn ní gbígbọ́ kan.

Gbígbọ́ mẹ́rin ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Àwo oní 40 ìṣẹ́jú, tí o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, 160 ìṣẹ́jú ni, kò pé wákàtí mẹ́ta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kọ́kọ́ gbé orin náà sórí fóònù, kí o wá pa dátà, kí X (Twitter àtijọ́) má baà fi èrò tirẹ̀ sí ọ lẹ́nu. Má mú bírò. Gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó parí. Ìgbà kejì ni kí o tó mú ìwé, kí o máa kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá sílẹ̀ báyìí: "orin 3, 1:12, gángan wọlé, 2:05, ègbè yí padà." Má kọ "ó dùn" sí ibì kankan nínú ìwé yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí o kọ. Ìgbà kẹta, jẹ́ kó jẹ́ lórí sípíkà ńlá, tàbí nínú ọkọ̀ níbi tí ariwo wà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti bá a pàdé. Ìgbà kẹrin, ó kéré tán kí ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá. Kí o tó tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, kọ gbogbo ègbè tí o lè rántí sílẹ̀ láìgbọ́ orin. Èyí tí o rò pé o fẹ́ràn lọ́jọ́ kìíní lè má sí níbẹ̀ rárá. Èyí tí o fojú tẹ́ńbẹ́lú sì lè wà níbẹ̀ odindi.

Tún fóònù rẹ tò kí o tó bẹ̀rẹ̀. Pa shuffle tó ń da ètò orin rú, pa crossfade tó ń po òpin orin kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, pa autoplay tó ń fi orin mìíràn tẹ̀lé àwo pẹ̀lú. Mr. Money With The Vibe tí Asake gbé jáde ní ọdún 2022, orin 12 ni, gbogbo rẹ̀ kò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, wọ́n sì so àwọn orin náà mọ́ra: òpin ọ̀kan ń wọnú ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, bí elépì fújì tí ojú kan rẹ̀ máa ń jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kì í dúró mí. Ẹni tó bá fi shuffle gbọ́ ọ yóò kọ̀wé pé ńṣe ni àwọn orin náà ń já lójijì. Òun fúnra rẹ̀ ló já wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo bí ohùn ṣe mọ́ tó. Kilobit ni wọ́n fi ń wọn dátà tí orin ń gbà. Lórí Spotify, èyí tó kéré jù jẹ́ kilobit 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ 96, lẹ́yìn náà 160, lẹ́yìn náà 320. Tó bá wà lórí 24, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo yóò máa dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, o ò sì ní mọ̀ bóyá onílù ló ṣe é ni tàbí dátà. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n, nítorí náà jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kilobit 320 jẹ́ megabyte 2.4 ní ìṣẹ́jú kan, àwo oní 40 ìṣẹ́jú yóò sì gba megabyte 96. Tí o bá gbé e sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, gbígbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú owó ẹ̀ẹ̀kan yẹn.

Má fi sípíkà fóònù dájọ́ bíìtì láé. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde níbẹ̀. Log drum, ìró ìlù ìsàlẹ̀ tí àwọn ará wa yá lọ́wọ́ amapiano, orin ijó ti South Africa, ìsàlẹ̀ gan-an ló ń gbé. Lórí fóònù, ó lè jẹ́ ìró "tọ́" kékeré kan péré ni wàá gbọ́, wàá wá kọ ọ́ pé bíìtì náà kò lágbára. Earpiece oníwáyà tí kò wọ́n pàápàá sàn ju ìyẹn lọ. Tí o bá sì ń fi àwo tuntun wé ti àtijọ́, rí i pé bí àwọn méjèèjì ṣe ń dún sókè dọ́gba, torí etí a máa ka èyí tó pariwo jù sí èyí tó dára jù. Ètò kan wà lórí Spotify tí ń mú kí gbogbo orin dún dọ́gba. Tàn án fún ìfiwéra. Lẹ́yìn náà, yí ohùn wálẹ̀ títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó má ṣeé gbọ́ mọ́, kí o wo ohun tó ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ ìlù nìkan lo ń gbọ́, tí ọ̀rọ̀ akọrin ti wọmi, wọn ò po orin náà dáadáa.

Wàyí o, a dé ibi tí agbára rẹ wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ orin wa láti òkè òkun kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ. Wọn a gbọ́ ohùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a ní kwáyà ni. Ìwọ gbọ́ ọ dáadáa. Ṣé gbogbo elégbè ń kọ ohùn kan náà ni, tàbí wọ́n pín ohùn? Fújì jáde láti inú wéré tí àwọn ajísààrì fi ń jí àwọn Mùsùlùmí nínú oṣù Ràmàdáánì, elégbè rẹ̀ sì sábà máa ń kó ohùn jọ sójú kan. Ti jùjú ní orin ìjọ nínú, wọ́n máa ń pín ohùn. Asake máa ń kó ohùn àwọn elégbè jọ bíi ti fújì, àwọn tí kò gbọ́ fújì rí sì rò pé òun ló dá a sílẹ̀. Sọ ibi tó ti wá, kí o wá sọ ohun tí ó fi kún un.

Gángan ńkọ́? Kọ́kọ́ wádìí bóyá ènìyàn ló ń lù ú. Wá gbólóhùn ìlù kan tó padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú orin kan, kí o gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra. Tí wọ́n bá rí bákan náà láìyẹ̀, tí agbára ọ̀pá, gígùn àti ìfàsókè ohùn kò yàtọ̀ rárá, gígé ni wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n wá ń lẹ̀ ẹ́ kiri. Ọwọ́ onílù kì í ṣe ohun kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má yàtọ̀. Kì í ṣe àbùkù dandan, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí o tó yin onílù. Tó bá ń sọ̀rọ̀, kọ dò-re-mí rẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta mẹ́rin lè bá dò-re-mí kan náà mu, nítorí náà wo ohun tí akọrin wí kété ṣáájú tàbí kété lẹ́yìn. Ìlù sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí kò bá tún yé ọ, gé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá yẹn fún ọmọ àyàn kan kó gbọ́, má sọ èrò tìrẹ fún un ṣáájú. Bí òun náà kò bá dá a lójú, kọ ọ́ pé gángan dún níbẹ̀, kí o fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní àmì ohùn, àṣìṣe sì pọ̀ nínú rẹ̀. Fi etí ara rẹ gbọ́ ọ. YouTube ní ibi tí a ti lè dín ìyára orin kù dé 0.75, ó máa ń tú ẹnu akọrin tó ń yára. Bí o bá gbọ́ ìlà kan tó jọ ti àpàlà tàbí ti fújì àtijọ́, ṣí orúkọ àwọn tó kọ orin náà wò lábẹ́ rẹ̀ lórí Spotify tàbí Apple Music. Bí orúkọ akọrin àtijọ́ náà bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n yá a pẹ̀lú àṣẹ. Bí kò bá sí, "ó jọ" ni kí o kọ, kí o fi ìṣẹ́jú rẹ̀ hàn. Má kọ "ó jí i." Òwe, oríkì àti orin ìbílẹ̀ kò ní ẹni kan ṣoṣo tó ni wọ́n, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni akọrin àtijọ́ náà ti gbọ́ ọ.

Ní ti máàkì, Robert Christgau, oníròyìn orin ará Amẹ́ríkà, ti ń fi lẹ́tà bíi A, B, C fún àwo láti ọdún 1969. Pitchfork, ìkànnì lámèyítọ́ orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ń lo 0.0 dé 10.0. Anthony Fantano ń lo 0 dé 10 lórí YouTube. Ìkànnì Metacritic wá ń kó máàkì ọ̀pọ̀ oníròyìn jọ, ó ń sọ wọ́n di ìdá ọgọ́rùn-ún. Máàkì wọn nítumọ̀ torí pé àwọn tó ń kà wọ́n mọ ohun tí wọ́n ti fún ọgọ́ọ̀rọ̀ àwo mìíràn. Mẹ́fà tìrẹ kò ní aládùúgbò. Mú ogún àwo tí o mọ̀ bí ẹni mowó, tò wọ́n láti orí èyí tó dára jù dé èyí tó burú jù, kí o fún wọn ní máàkì nínú ìwé rẹ. Ìgbà náà ni tuntun yóò rí àyè jókòó sí láàárín wọn. To fújì lọ́tọ̀, to Afrobeats lọ́tọ̀. Ó dùn mí pé nínú oṣù Kìíní ọdún 2024, Condé Nast tó ni Pitchfork kó o sábẹ́ GQ, ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé níbẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ orin fara balẹ̀ ń dín kù, a nílò rẹ.

Tí o bá jókòó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ 700 tó. Sọ ìdájọ́ rẹ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Má to orin láti 1 dé 14, òǹkàwé lè ka ìyẹn lẹ́yìn àwo. Mú ibi mẹ́ta, kí o fi ìṣẹ́jú wọn hàn, kí o gbé àríyànjiyàn rẹ lé wọn lórí. Kọ ọjọ́ tí o gbọ́ ọ àti ẹ̀dà tó jẹ́, torí àwo máa ń yí padà. Made in Lagos tún jáde nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2021 pẹ̀lú orin mẹ́rin sí i. Kanye West ń tún The Life of Pablo ṣe ní ọdún 2016 lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ọ.

Àwọn olólùfẹ́ akọrin yóò bú ọ. Wizkid FC ti Wizkid, 30BG ti Davido, Outsiders ti Burna Boy, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́. Kò tuntun: àwọn tó gbọ́ fújì láyé Barrister àti Kollington mọ bí ará ilé kan náà ṣe ń bára wọn jà lórí elépì. Ẹni tó bá bú ọ, fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mú ìṣẹ́jú wá pé "gbọ́ 1:40 dáadáa," dá a lóhùn. Bó bá jàre, tún ìwé rẹ ṣe, kí o kọ ọjọ́ tí o tún un ṣe sókè rẹ̀. Má yọ ti àtijọ́ kúrò.

Wọn yóò sì fi owó lọ̀ ọ́, ó dá mi lójú. Yóò wọlé nípasẹ̀ ẹni tó ń polówó akọrin, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, wọn yóò ní kì í ṣe kí o purọ́, kí o kàn "gbé e lárugẹ." Bí o bá gbà á, kọ "ìpolówó" gàdàgbà sí òkè rẹ̀, má sì fún àwo náà ní máàkì kankan.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.