Lẹ́tà sí Bàbá Múṣín, nípa orúkọ tí kò sí nínú páálí sìgá

Bàbá Múṣín,

A ṣe fídáù Alájì Onítáyà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òun nìkan ló kù nínú yín, òun náà sì ti wá bá yín báyìí. Ẹ ó ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kó tó wọlé. Nígbà tí àwọn àáfà gba sàráà tán tí wọ́n lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí DJ gbé orin ayé àwọn bàbá àwọn sí i, ni ọmọ náà bá fi Board Members, orin Ebenezer Obey, bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá tó jókòó tì mí ń mirí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo mọ́tò mi. Mọ́tò wo? Ọkọ̀ èrò ni mo wọ̀ wá láti Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Ní 1972 ni àwo yẹn jáde, ọdún tí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ebenezer Obey fi ki àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn gbajúmọ̀ tó ń bá a ròde, tí wọ́n ń náwó fún un títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láti ọjọ́ tí àwo náà ti dé Múṣín, kò sí ọkùnrin mẹ́ta tó jọ ń mutí tí kò sọ ara wọn di bọ́ọ̀dù. Tiyín ni mo mọ̀: ẹ̀yin, Alájì Onítáyà, Bọ̀dá Àpápá tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, Lọ́yà (akọ̀wé kóòtù ni, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un?), àti àwọn méjì tí mi ò mọ̀ ju kókósẹ̀ wọn lọ, torí ìgbà gbogbo ni wọ́n ń rán mi lọ gbé bàtà wọn. Ẹ ò sí nínú àwo Obey. Ẹ mọ̀, àwa náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ibikíbi tó bá ti ń ṣeré ní Èkó lẹ ti máa ń gba tábìlì tó sún mọ́ ọn jù. Ẹ kì í sì í pè é ní fàájì, mílíkì lẹ̀ ń pè é, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń pè é.

Ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé Ìdógò ni wọ́n bí i sí ní 1942, pé International Brothers ló ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó dá a sílẹ̀ ní 1964, kó tó sọ ọ́ di Inter-Reformers. Ẹ ò jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn aago méje bí àwo bá ń yí lórí rédíógíràmù. Ẹni tó bá dárúkọ Sunny Adé ní pálọ̀ yín, ìta ni yóò ti mu ọtí tirẹ̀. Ìyàwó yín sì wà ní kíṣìnnì tó ń kọ orin Sunny wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nídìí ata. Ẹ ò mọ̀? Gbogbo àwa ọmọdé mọ̀.

Ẹ ṣe wá lóore. Mi ò ní jẹ́ kí inú tó ń bí mi bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kan ò lè lọ kẹ́ ẹ má fún mi ní tọ́rọ́ ra gúgúrú, kódà lẹ́yìn tí tọ́rọ́ ti di kọ́bọ̀, ẹ̀yin ò yéé pè é ní tọ́rọ́. Ẹ ò sì pe orúkọ mi rí. “Ìyá mi” lẹ̀ ń pè mí, torí pé ìyá yín kú tán ni wọ́n bí mi, tí wọ́n sọ mí ní Ìyábọ̀. Bí mo bá wọlé, ẹ ó dìde, ẹ ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, gbogbo bọ́ọ̀dù á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rántí ìyẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Àbúrò yín, bàbá mi, ló ń rán aṣọ fún gbogbo yín. Èyí kò sí nínú ìtàn tí àwọn ọmọ Alájì sọ lórí máíìkì lọ́jọ́ fídáù. Wọ́n ní àwọn bàbá àwọn mọ aṣọ wọ̀. Léèsì tó ń ti Austria wá, agbádá tó ń wọ́lẹ̀, fìlà abetí ajá. Ó dáa. Ta ló gé e? Ta ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago méjì òru tó ń fi ọwọ́ kó iṣẹ́ sí ọrùn agbádá, tó fi ìda pa òwú kó má baà já, tí yóò sì ní kí n bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́ torí ojú mi mọ́lẹ̀ ju tòun lọ? Léèsì kì í gba àṣìṣe. Bí abẹ́rẹ́ bá ti lu ibi tí kò yẹ, ihò yẹn á máa wo ẹ ni. Mo mọ̀, torí léèsì ni mò ń tà títí dòní.

Ó ní ìwé kan tó ń kọ ìwọ̀n sí: èjìká, àyà, gígùn ṣòkòtò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ni owó tó kù wà. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ gbogbo yín ló wà níbẹ̀, tiyín ló ṣáájú. “Àkànní, ó di ìparí oṣù.” Ìparí oṣù wo ni?

Ọdún owó Udoji ni mo ń sọ, 1975, tí ìjọba fi owó kún owó oṣù tí wọ́n sì san èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bọ̀dá Àpápá ń ṣe òkú ìyá rẹ̀. Wọ́n dí òpópónà lórí àti nísàlẹ̀, wọ́n ta tapólì, wọ́n so gílóòbù mọ́ okùn láti ilé dé ilé. Obey ló ń bọ̀. Ẹgbẹ́ yín pátá wọ léèsì àwọ̀ ewé, agbádá tí bàbá mi fi òru rán, tí kò tíì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tán. Òun náà fi àjẹkù aṣọ rán bùbá kan fún ara rẹ̀, kò tó agbádá. Ó ti lọ pààrọ̀ owó ní báńkì, náírà kọ̀ọ̀kan, tuntun, tó ń dún. Ó fi sí àpò àyà. Ó jókòó sẹ́yìn yín, ní ìlà kejì, agbádá yín tẹ́ẹ bọ́ ń bẹ lórí itan rẹ̀ torí ooru.

Ẹ pè mí. Ẹ ya páálí sìgá, ẹ yí i sódì, ẹ fi bírò kọ orúkọ sínú rẹ̀, ẹ ní, “Ìyá mi, ẹ bá mi mú un fún àwọn ọmọ Obey.” Mo ti mọ̀wé kà dáadáa nígbà náà. Mo dúró sábẹ́ gílóòbù, mo kà á. Bọ̀dá Àpápá. Alájì. Lọ́yà. Àwọn méjì oníbàtà. Ẹ̀yin fúnra yín, pẹ̀lú oríkì yín. Mo yí i padà bóyá ó kù lẹ́yìn. Àwòrán kẹ̀kẹ́ ló wà lẹ́yìn.

Mo mú un lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ tí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Obey á pè é, gángan á gbà á, á tún un pè, ẹni náà á sì gbé agbádá lé èjìká, á jó lọ síwájú. Mo ń wo bàbá mi. Ní orúkọ kejì, ó gbé agbádá yín kúrò lórí itan, ó fi kọ́ orí àga. Ní orúkọ kẹta, ó tún fìlà ṣe. Nígbà tí wọ́n dé orí tiyín, tí gángan ń ki Àkànní, ó dìde dúró, ọwọ́ ti wà nínú àpò àyà. Ó lérò pé bí wọ́n bá ki ẹ̀gbọ́n tán, àbúrò ló kàn. Ta ni kò ní lérò bẹ́ẹ̀? Obey ki yín tán, orin sì yí padà sí orí olóòkú. Bàbá mi wà ní ìdúró. Lẹ́yìn náà ló mú agbádá yín lórí àga, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún jókòó tó gbé e lé itan.

Mo ti gbìyànjú láti gbà yín sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní páálí sìgá kò tóbi. Ṣùgbọ́n ìlà méjì ni Lọ́yà gbà, torí ẹ kọ oyè mọ́ ọn, oyè irọ́. Mo ní bóyá ẹ gbàgbé. Ènìyàn á gbàgbé ẹni tí agbádá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀? Mo ní bóyá ojú ló ń tì yín pé télọ̀ ni, láàárín àwọn ará wọ́ọ̀fù àti kóòtù. Èyí ni mi ò fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, òun ló sì ń padà wá. Ọmọ kì í bi àgbà léèrè irú rẹ̀, bàbá mi ò sì mẹ́nu bà á títí ó fi kú. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé lóru ọjọ́ náà, ó ń fi imú kọrin. Owó tuntun yẹn ni ìyá mi fi ra bàtà ilé-ìwé fún mi. Obey kọ́ ló jẹ wá ní gbèsè. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni yóò kọ. Àmọ́ ẹ̀yin! Ìyá yín lẹ fi ìwé náà rán. Ìyá tó bí ẹ̀yin méjèèjì.

Ayé yín náà ò pẹ́ kó tó yí. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wó, Bọ̀dá Àpápá ta mọ́tò 504 rẹ̀. Ní 1992, Obey kọjú sí iṣẹ́ ìyìn rere, ẹ̀yin sì ní, “Ta ni yóò wá máa kì wá?” Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín, inú mi dùn díẹ̀. Ó pé ọgọ́rin ọdún ní 2022, ó ṣì wà láyé, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí pàápàá ò lè náwó bí ẹ ti ń ná an. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹni tó bá ń náwó lójú agbo á fi ẹ̀wọ̀n jura, kò ní dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000. Ẹnu ọdún díẹ̀ yìí ni wọ́n tó ń mú ènìyàn sí i. Ẹ̀yin ì bá ti wà ní àtìmọ́lé láti ọjọ́ pípẹ́.

Aṣọ tí a fi tẹ́ yín nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ, bàbá mi ló rán an. Ojú rẹ̀ ti ṣú nígbà náà, èmi ni mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò san owó rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń béèrè.

Àwọn tèmi ni mò ń béèrè. Bàbá, ọjà ò rí bí ó ti rí. Ṣáájú oṣù Òkúdù 2023, bí ₦460 ni ìjọba ń ka dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti kọjá ₦1,500. Léèsì tí mo tà ní àwìn nígbà yẹn, kí owó rẹ̀ tó wọlé, kò lè ra ìdajì irú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ àwìn ni gbogbo ọjà Gbági ń tà, torí ẹni tí ò bá tà á ní àwìn, oníbàárà á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Aṣọ ẹbí ló burú jù. Alága ìnáwó á kó o fún ogójì ènìyàn, àwọn ogójì á wọ̀ ọ́, wọ́n á ya fọ́tò, èmi á máa rí léèsì mi lórí Facebook, tí owó rẹ̀ ò tíì dé. Èmi náà ní ìwé. Orúkọ àti iye tó kù, bí bàbá mi ti ń kọ ọ́.

Ọmọ yín obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wà nínú ìwé náà. Ó ń ṣe ìrántí yín lóṣù tó ń bọ̀, ó ní òun fẹ́ léèsì àwọ̀ ewé, irú èyí tó wà nínú fọ́tò yín pẹ̀lú bọ́ọ̀dù. Mo wá a rí fún un. Ó san díẹ̀, ó ní ìyókù di ìparí oṣù. Ó tún pè mí lánàá, ó ń rẹ́rìn-ín bíi tiyín gẹ́lẹ́, ó ní, “Àǹtí Ìyábọ̀, ṣé gèlè tó bá a mu wà?” Mo ní ó wà. Ó ní kí n fi kún un. Mo ní kó san ti léèsì ná.