Màámi, ẹ gbé fóònù náà sílẹ̀ ná

Leeds,
Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹwàá, 2025.

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfojúsọ́nà. Ṣé ara le? Orúnkún yín ń kọ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn náà bí mo ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀, àbí ẹ tún ti fún Ìyá Alákàrà ní ìdajì? Òtútù ti wọlé dé níbí. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ báyìí, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ẹ ó ní "ó ti tó, mo ti gbọ́," ẹ ó sì yí i padà sí ìgbà tí màá wálé. Lẹ́tà ò ṣeé gé lẹ́nu, ó sì ṣeé tún kà. Ìyá Fèyí ló ń mú un bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àpò pupa kan. Mo mọ̀ pé ẹ ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí àmì ohùn mi bá ti yẹ̀. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì.

Màámi, Dàpọ̀ ti sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà, èmi ni mo fún un lọ́rùn. Ó ní ìgbà tí ẹ sọ pé ẹ ò ra aṣọ ẹbí ìyàwó ọmọ Bùọ̀dá Àgbà lara fu òun, torí aṣọ ẹbí wo ló ti kọjá lójú yín rí? Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé 85,000 náírà ti bá àwọn gbájúẹ̀ lọ, àti pé ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó yẹn ò dùn mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Ẹ dá ru ẹrù náà lórí, ẹ ń dáhùn "dáadáa ni" ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún yín rí. Wọ́n ti gbá èmi náà, ní oṣù kọkànlá 2023. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi pé ẹrù mi ti dé, àmọ́ owó kékeré kan ṣẹ́kù lórí rẹ̀, pọ́n-ùn kan ó lé díẹ̀. Lóòótọ́ ni mo ń retí ẹrù, bàtà tí mo rà fún iṣẹ́. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ nọ́ńbà káàdì mi síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan pè. Nọ́ńbà tó hàn lójú fóònù ni nọ́ńbà báńkì tó wà lẹ́yìn káàdì mi gan-an. Ó pe orúkọ mi, ó mọ àdúgbò mi. Ó ní, "Ṣé ẹ san owó ẹrù kan lánàá? Háà, gbájúẹ̀ ni wọ́n o! Wọ́n ti wà nínú àkáǹtì yín báyìí. A ti ṣí òmíràn sílẹ̀ fún yín, ẹ tètè kó owó yín síbẹ̀ kí wọ́n tó gbá a tán." Màámi, olè ló ń kìlọ̀ olè fún mi! Mo dúró sí kọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo fi ọwọ́ ara mi fi pọ́n-ùn 1,260 ránṣẹ́ sí i. Owó ilé wà nínú ẹ̀. Owó tó yẹ kí n fi ránṣẹ́ sí yín náà wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ rántí oṣù tí mo ní wọn ò tíì san owó iṣẹ́ wa? Irọ́ ni. Ẹ forí jì mí.

Báńkì dá ìdajì rẹ̀ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀. Láti 7 oṣù kẹwàá 2024 ni òfin ibí ti sọ ọ́ di dandan pé kí báńkì san owó padà fún ẹni tí wọ́n bá tàn láti fi owó ránṣẹ́ báyẹn, tí kò bá ti ju 85,000 pọ́n-ùn lọ, tí onítọ̀hún ò sì ṣe àìbìkítà tó burú jáì. Èmi ti jẹ tèmi kí òfin tó dé. Nílé lọ́dọ̀ yín, ẹ má gbọ́kàn lé irú ìyẹn. Bí owó bá ti bọ́ sínú àkáǹtì ẹnìkan, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti fọ́n ká sí mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tó bá sáré lọ sí báńkì lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣì lè bá di àkáǹtì tí owó náà wọ̀ mú. Ẹni tó bá fi ìtìjú jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ni wọ́n fẹ́ bá a dì mú?

Nọ́ńbà tó hàn lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí, Màámi. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà ẹlòmíràn wọ̀ bí eégún ṣe ń gbé ẹ̀kú. Níbí, ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó já ìpè náà, a ó wá tẹ 159 fúnra wa, ìyẹn á so wá pọ̀ mọ́ báńkì wa gan-an. Ní tiyín, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM ni kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀. Tàbí kí ẹ wọ bàtà, kí ẹ wọ ọkadà lọ sí báńkì. Báńkì ò ní sá lọ.

Ẹ tún gbọ́ ti ìyá kan tí mo ń tọ́jú níbí, ẹni ọdún 84. Ọkùnrin kan pè é, ó ní ọlọ́pàá ni òun. Ó ní òṣìṣẹ́ báńkì kan ló ń jí owó àwọn àgbàlagbà, pé kí ìyá bá àwọn ṣe ìwádìí ní bòńkẹ́lẹ́. Kó má sọ fún ọmọ, kó má sì sọ fún obìnrin tó ń wá tọ́jú rẹ̀. Èmi nìyẹn. Ó kọ́ ìyá ní ohun tó máa sọ níwájú kàǹtà, torí níbí wọ́n ti dá òṣìṣẹ́ báńkì lẹ́kọ̀ọ́ pé bí àgbàlagbà bá fẹ́ gba owó ńlá lówọ́ lójijì, kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n sì pe ọlọ́pàá bí ara bá fu wọ́n. Wọ́n bi ìyá lóòótọ́. Ó ní òrùlé ni òun fẹ́ tún ṣe, ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Ọmọkùnrin kan tó dé akoto ọ̀kadà wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó pe ọ̀rọ̀ àmì tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí, ìyá sì na àpò ìwé sí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin pọ́n-ùn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dé ní ọjọ́ kejì. Ó wò mí títí, ó wá rọra bi mí bóyá mo mọ nǹkan kan nípa "irú ọ̀rọ̀ báyìí." Màámi, 419, nọ́ńbà abala kan lásán nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa, ti di orúkọ àbísọ fún wa nílẹ̀ yìí. Ìyá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹni tó pe òun, ohùn rẹ̀ dà bí ti ọkọ òun tó ti kú, ọmọ bíbí Yorkshire! Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni àbí ìtìjú, torí àwọn ọmọ tiwa náà ń ṣe é, a ò lè parọ́ fún ara wa. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: bòńkẹ́lẹ́ yẹn ni mo rí dì mú nínú gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ má sọ fún Dàpọ̀, kí ẹ má sọ fún mi, ìbáà pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá pátápátá àwọn ọlọ́pàá, olè ni.

Ó kan ti Ìyá Dékónì. Wọ́n pè é pé àwọn fẹ́ fi í sínú ẹgbẹ́ àdúrà kan lórí WhatsApp, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù rẹ̀, kó kà á fáwọn. Ó kà á. Kọ́kọ́rọ́ WhatsApp rẹ̀ ló kà fún wọn yẹn. Bí wọ́n ṣe wọlé tán, wọ́n ti òun fúnra rẹ̀ síta, wọ́n wá ń fi ojú rẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo ìjọ. Dàpọ̀ fi ohun tó kọ sí yín hàn mí: "Ẹ káàsán ma, áàpù báńkì mi ò ṣiṣẹ́, ẹ bá mi fi 85,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yìí, màá dá a padà lálẹ́." Màámi! Ìyá Dékónì wo ló ń kí yín ní gbólóhùn kan? Obìnrin tó máa bi yín léèrè orúnkún, tó máa bi yín léèrè Dàpọ̀, tó máa bi yín léèrè adìyẹ tó ń sàba, kó tó wá sọ pé ìkòkò lòun fẹ́ yá? Ẹni tí kò bá kí yín délé dóko, tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ má dá a lóhùn. Orúkọ tó sì wà lórí àkáǹtì náà, orúkọ ọmọkùnrin kan ni. Dàpọ̀ ní dòdò wà lórí iná nígbà tí ẹ ń fi owó náà ránṣẹ́. Ìkánjú wa ni wọ́n ń jẹ, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ wa. Ẹ sọ dòdò kalẹ̀. Ẹ pe Ìyá Dékónì lórí nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àmọ́ ohùn pàápàá ti di nǹkan míì. Kọ̀ǹpútà ti ń sín ohùn ènìyàn jẹ báyìí, fídíò kékeré kan tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ti tó o. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ kan tí mò ń sunkún pé wọ́n ti mú mi ní pápákọ̀ òfurufú, kí ẹ tètè fi owó ránṣẹ́, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan. Mo kọ́kọ́ rò pé oríkì mi ni kí ẹ ní kí n pè. Mo wá rántí pé ọdọọdún tí ọjọ́ ìbí mi bá ti pé ni Àǹtí ń kọ ọ́ gàdàgbà sórí Facebook. Ìwé ètò ìsìnkú Bàbá náà ń bẹ níbẹ̀ títí dòní: ìdílé tí wọ́n ti bí yín, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́, orúkọ gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Bí àwa Yorùbá bá ṣe ayẹyẹ, a ò fi nǹkan kan pamọ́ fún olè.

Nítorí náà, ìbéèrè wa nìyí: kí ni ewúrẹ́ Màmá Àgbà jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó Ẹ̀gbọ́n? Àwa mẹ́rin péré la mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní kọ ìdáhùn rẹ̀ síbí. Bí mi ò bá lè dáhùn, ẹ já ìpè náà, kí ẹ pe nọ́ńbà mi tí ẹ mọ̀. Bí èmi ni lóòótọ́ tí mo sì bínú, ẹ jẹ́ kí n bínú.

Mo ti rán Dàpọ̀ níṣẹ́ ìyókù. Á fi nọ́ńbà àṣírí kan ti ilẹ̀kùn kejì sí WhatsApp yín, á sì fi PIN sí SIM fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ pé wàhálà ni. Bí olè bá jí fóònù lọ́jà, SIM ló ń yọ sínú fóònù tiẹ̀, á wá máa tẹ ìràwọ̀ báńkì bí ẹni pé ẹ̀yin ni. PIN mẹ́rin ti báńkì yẹn náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọdún ìbí yín ni. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè pé BVN yín fẹ́ kú, tàbí pé wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò pẹnṣọ́n lórí fóònù, BVN tí a ti ń lò láti 2014 kì í kú, pẹnṣọ́n sì ní ọ́fíìsì tí ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní ti Alhaja tó ń pè yín sí ibi tí owó ti ń di ìlọ́po méjì, ẹ bá mi rán an létí MMM tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá 2016, nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀. Bí ìyẹn bá ti pẹ́ jù, kó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn tí wọ́n ya wọ ọ́fíìsì CBEX ní Òkè-Àdó ní oṣù kẹrin ọdún yìí, tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ nítorí pé owó wọn ti há.

Mo ti fi owó aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí Dàpọ̀. Ẹ lọ ra aṣọ yín, kí ẹ sì wé gèlè yẹn kó ga.

Ohun kan ṣẹ́kù. Dàpọ̀ ní Ìyá Dékónì ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ìgbà náà, pé ẹ̀yin náà ò sì yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú ń tì í, Màámi. Kì í ṣe òun ló jí owó yín. Ṣokoléètì méjì ló wà nínú àpò pupa yẹn, ọ̀kan ni tiyín. Ẹ bá mi mú èkejì lọ fún un, kí ẹ sì jókòó díẹ̀.

Èmi ọmọ yín,
Bọ́lá.

Àfikún: Bí ẹ bá ti rántí ohun tí ewúrẹ́ náà jẹ, ẹ má kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp o!