Ẹ Má Ti Kámẹ́rà Pa Torí Pé Ṣọ́ọ̀ṣì Ti Ṣí

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà kòrónà yìí.

Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹjọ 2020 tí gómìnà ní ká padà sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó, mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ dùùrù, torí láti oṣù kẹta la ò ti pé jọ mọ́, kódà Àjíǹde tó bọ́ sí 12 oṣù kẹrin, inú pálọ̀ la ti ṣe é. Inú mi dùn gan-an pé wọ́n ṣí i. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé ní ìjọ tiwa, bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí ni wọ́n ti kámẹ́rà pa, wọ́n kéde látorí pẹpẹ pé ìsìn orí fóònù ti parí, ẹni tó bá bẹ̀rù àìsàn ju Ọlọ́run lọ kó jókòó sílé.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o. Màmá mi ti pé 73, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ìjọba fúnra ẹ̀ ló ní kí àwọn tó ti lé ní 65 má tíì wá. Gbogbo Sọ́ńdè tá a fi wà nílé, wọ́n á ti wẹ̀ ká tó jí, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á gbé Bíbélì àti ìwé orin sórí tábìlì, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n ní ibi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ Ọlọ́run ibi mímọ́ ni, ẹnì kankan ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ṣé irú ẹni báyìí ló ń sá fún Ọlọ́run? Lọ́jọ́ tí kámẹ́rà ò tàn mọ́, wọ́n jókòó tì í títí aago 11, wọ́n ń bi mí pé ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìjọba ní ká má kún ju ìdajì àyè lọ, ìdajì tó kù ńkọ́, ibo ni kí wọ́n wọlé sí? Àìsàn yìí ò sì mọ olórin yàtọ̀, ní Mount Vernon, ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, akọrin 61 péjọ ṣe ìdánrawò lọ́jọ́ 10 oṣù kẹta, 53 ló kó o, àwọn méjì kú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á fi Hébérù 10:25 dá mi lóhùn, pé ká má kọ ìpéjọpọ̀ sílẹ̀, òótọ́ ni, mo fara mọ́ ọn, ti orí fóònù ò lè tó láéláé, ẹlòmíì á dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹlòmíì á máa ro ọbẹ̀, Oúnjẹ Olúwa ò sì ṣe é fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n ẹ wo Jòhánù nínú lẹ́tà ẹ̀ kejì, ó ní òun ò fẹ́ fi ìwé àti tàdáwà sọ gbogbo ẹ̀, òun fẹ́ wá sọ ọ́ lójúkojú, síbẹ̀ ó kọ lẹ́tà náà ná.

Tó bá jẹ́ owó ni, kò pọndandan kó jẹ́ fídíò, dátà ti wọ́n jù fún àwọn ìyá wa náà. Kí wọ́n so fóònù kan mọ́ mísà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ohùn máa jáde, dátà tó máa jẹ kéré gan-an sí ti fídíò, tí iná ò bá sí kí wọ́n fi wàásù ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Kí ẹnì kan sì máa dárúkọ àwọn tó wà nílé, lọ́jọ́ tí wọ́n kí màmá mi bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Oúnjẹ Olúwa yẹn, kí àgbà ìjọ méjì lo ìbomú, kí wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ti sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé èmi á máa ra dátà ẹ̀, èmi á sì máa jókòó ti fóònù náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn ò tíì dá mi lóhùn. Màmá mi ṣì ń wé gèlè ní Sọ́ńdè.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ ìjọ kan, Ìkòròdú.